Ohun tí Ń Mú Ọwọ́ Òṣìṣẹ́ Yá

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Yorùbá máa ń sọ, tí a sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. A ní iṣẹ́ ọba, a kì í làágùn níbẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu akọ̀wé tí ó fi kóòtù rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, tí a kò sì rí i mọ́ títí di ọ̀sán. Kóòtù ni ó ń bá a ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu lébìrà tí ó fara ti ṣọ́bìrì rẹ̀ létí títì. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀lé lébìrà kan náà dé oko ara rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ ó bá a tí òógùn bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Ẹ kò lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Apá tí ó fi mú ṣọ́bìrì náà ni ó fi mú ọkọ́. Kí ni ó wá dé tí apá náà fi kú níhìn-ín, tí ó sì jí lọ́hùn-ún? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni mo ń bá wí. Ìyá tí ó ní ọmọdébìnrin kan tí ń bá a tajà, ọ̀gá ni. Télọ̀ tí ó ní ọmọ-iṣẹ́ méjì, ọ̀gá ni. Mẹkáníìkì, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, mọ́nítọ̀ kíláàsì pàápàá: ẹni tí ó bá lè sọ fún ẹlòmíràn pé lọ ṣe èyí, tí ẹni náà sì dìde lọ, ọ̀gá ni lójú tèmi.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ilé. Kí owó oṣù tó dé ilẹ̀ wa, àwọn baba wa ti mọ ọ̀nà oríṣiríṣi tí ènìyàn fi ń rí ọwọ́ ẹlòmíràn lò. Ọ̀kan nínú wọn ni àáró. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mélòó kan tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn yóò pàdé ní oko ẹnì kan lónìí, wọn yóò lọ sí oko ẹnì kejì ní ọjọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀, kò sì sí ọ̀gá. Síbẹ̀, bí ẹ bá dé ibi tí àwọn aláàáró ti ń kọ ebè, ẹ ó gbọ́ orin, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rín. Ẹni tí ó bá kù sẹ́yìn, òun ni àwọn yòókù yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣe ebè ràdàràdà ní oko ọ̀rẹ́ rẹ̀, yóò rántí pé lọ́jọ́ mẹ́ta òní, ọ̀rẹ́ náà ni yóò wà ní oko tòun.

Òmíràn ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bá ju agbára rẹ̀ lọ, bóyá ilé ni ó ń kọ́, bóyá oko àna rẹ̀ ni ó fẹ́ ro, yóò bẹ ọ̀rẹ́ àti ẹbí lọ́wẹ̀, òun ni yóò sì bọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣàkíyèsí oúnjẹ yẹn dáadáa. Bí a bá ní kí á ṣírò rẹ̀, iyán àti ẹmu ọjọ́ kan kò tó iye iṣẹ́ tí ogún ọkùnrin ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wá kò ṣírò rẹ̀. Ọwọ́ tí a fi gbé e síwájú wọn ni wọ́n ń wò. Baálé ilé tí ó bá fi ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran síwájú àwọn tí ó gun òrùlé rẹ̀, nígbà tí ewúrẹ́ mẹ́ta ń ké lẹ́yìnkùlé, bí ó bá tún bẹ ọ̀wẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, òun àti aya rẹ̀ ni yóò jọ gun àkàsọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìwọ̀fà, tí òfin ti pa rẹ́ tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí ó yá owó lọ́wọ́ olówó yóò máa lọ sìn ín, tàbí kí ó fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ sìn, títí di ọjọ́ tí ó bá san owó náà pé. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín gbèsè náà kù rárá. Èlé orí owó ni wọ́n ka iṣẹ́ náà sí. Ìbáà kọ ọgọ́rùn-ún ebè, ìbáà kọ igba, iye tí ó jẹ ní òwúrọ̀ ni ó jẹ ní alẹ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lọ́dún márùn-ún òní bí kò bá rí owó ibòmíràn san. Nítorí náà ni olówó fi ní láti máa wọn iṣẹ́ fún un. Bí ìwọ̀fà bá sì ti kọ ebè tí a wọ̀n náà pé, yóò nu ọkọ́ rẹ̀ nù, yóò gba oko ara rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni yóò sì lo agbára tí ó fi pamọ́. Olówó lè máa bínú pé kò ṣe lé e. Ṣùgbọ́n kí ni ìbá mú un ṣe lé e? Olówó fúnra rẹ̀ ti ti gbogbo ilẹ̀kùn tí ìfẹ́ iṣẹ́ lè gbà wọlé.

Mo sọ èyí nítorí pé mo rí ilé-iṣẹ́ púpọ̀ tí a ti ń ṣe iṣẹ́ ìwọ̀fà lónìí láìpè é bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ṣe dáadáa, bákan náà ni. Kò ṣe dáadáa, bákan náà ni. Ọdún dé, ọdún lọ, kò sí ohun tí ó yí padà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá di alárojúṣe, tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀gá bá yọjú, tí ó sì ń sùn nígbà tí ọ̀gá bá kọjá, ṣé ojú ni kí á fi máa yà wá?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń bá ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì rẹ̀ jà báyìí pé: "Owó ni, jàre! San owó tó tó fún wọn, ọwọ́ yóò yá!" Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, àní òtítọ́ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí ó dán an wò.

Ní Highland Park, lẹ́bàá ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, ni Henry Ford ti ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní 1913 ó mú ọ̀nà tuntun wọ inú iṣẹ́ rẹ̀. Dípò kí òṣìṣẹ́ máa rìn yí ọkọ̀ ká, ọkọ̀ ni yóò máa rìn kọjá níwájú òṣìṣẹ́, tí oníkálukú yóò dúró sójú kan, tí yóò máa ṣe ohun kékeré kan ṣoṣo láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ń de nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì ni yóò máa dè. Ọkọ̀ ń yára jáde bí ẹní ń da àgbàdo láti inú àpò. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò lè fara dà á. Ní ọdún yẹn nìkan, Ford ní láti gba ènìyàn tí ó ju 50,000 lọ kí ó tó lè ní nǹkan bí 14,000 lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí a gbà lónìí, tí a kọ́ níṣẹ́ lọ́la, ó lè ti lọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ẹ wo iye owó àti àkókò tí ó ṣòfò.

Nígbà tí ó di oṣù kìn-ín-ní 1914, Ford kéde pé òun yóò máa san dọ́là 5 lóòjọ́ fún iṣẹ́ wákàtí 8. Ṣáájú ìgbà náà, dọ́là 2 àti sẹ́ńtì díẹ̀ ni, wákàtí 9 ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rọ́ wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nínú òtútù nini, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí iṣẹ́ gbà. Àwọn tí ó wà nínú kò fẹ́ lọ mọ́. Àwọn olówó ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé orí rẹ̀ dàrú, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ kò dín, ńṣe ni ó ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, ọ̀gá tí ó bá ń sọ pé owó kò ja mọ́ nǹkan kan, pé kí òṣìṣẹ́ sáà fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ẹni tí ebi ń pa kì í gbọ́ ìwàásù.

Ṣùgbọ́n apá kejì ìtàn náà wà, àwọn tí ń yin Ford kì í sì í fẹ́ sọ ọ́. Nǹkan bí ìdajì nínú dọ́là 5 yẹn ni wọ́n pè ní ìpín èrè, a kì í sì í fún ẹni tí ìwà rẹ̀ kò bá tẹ́ ilé-iṣẹ́ lọ́rùn. Ford dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí ń rán àwọn olùwádìí lọ sí ilé òṣìṣẹ́. Ṣé ilé rẹ̀ mọ́? Ṣé kì í mutí? Ṣé ó ń fi owó pamọ́? Báwo ni òun àti aya rẹ̀ ti ń gbé? Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin kò tilẹ̀ sí nínú ètò náà. Ẹ fi ojú inú wo ọ̀gá yín tí ó rán ènìyàn wá ṣí ìkòkò ọbẹ̀ yín wò, kí ó tó pinnu iye tí yóò san lóṣù yìí! Owó lè fa ènìyàn wá síbi iṣẹ́, ó sì lè dá a dúró níbẹ̀. N kò gbà pé ó lè mú un fẹ́ràn ẹni tí ń tú ilé rẹ̀ wò.

Ní tiwa níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìjà owó jẹ́ ìjà ọjọ́. Ní 2015 ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní Nàìjíríà jẹ òṣìṣẹ́ wọn ní owó oṣù mélòó kan lórí ara wọn, títí ìjọba àpapọ̀ fi ní láti wá gbà wọ́n sílẹ̀. Ní oṣù keje 2024 ni òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jù di náírà 70,000. Èmi rò pé náírà 70,000 tí ó dé lọ́jọ́ tí a dá sàn fún òṣìṣẹ́ ju 90,000 tí kò lọ́jọ́ lọ. Onílé ní ọjọ́. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ní ọjọ́. Ìyá tí ń dá èsúsú kò lè sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀gá òun kò tíì dé láti ìrìn-àjò. Bí ọ̀gá bá yẹ ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn òṣìṣẹ́ kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ó ń bá ẹni tí yóò yá a lówó sọ̀rọ̀ lórí fóònù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ jókòó síwájú tábìlì.

Ohun kan wà tí ó tún ń dùn ènìyàn ju owó kékeré lọ, òun ni kí a máa lo òṣùwọ̀n méjì. Àwọn kan nínú yín ti gbọ́ ìtàn ìyanṣẹ́lódì 1945 lẹ́nu àwọn àgbà. Ogun Hitler ti mú ọjà wọ́n. Ní 1942 ìjọba òyìnbó fi owó díẹ̀ kún owó àwọn òṣìṣẹ́ nítorí ọ̀wọ́n náà, ṣùgbọ́n ọjà kò dúró, ó ń gòkè sí i, owó òṣìṣẹ́ sì dúró sójú kan. Láàárín àkókò kan náà, àwọn òyìnbó tí ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ń gba owó ìrànlọ́wọ́ nítorí aya àti ọmọ wọn. Òṣìṣẹ́ rélùwéè bi ara rẹ̀ pé: èmi kò ha ní aya bí? Àbí òkúta ni àwọn ọmọ tèmi ń jẹ? Ní oṣù kẹfà 1945, àwọn ọmọ rélùwéè, àwọn ti ilé ìfìwéránṣẹ́, àwọn tí ń ṣe títì àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí ìjọba ti lé kúrò ní Èkó tí wọ́n sì fi sí àhámọ́ láti 1943, ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé ni. Iṣẹ́ náà dúró ju oṣù kan lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé, owó tí ìyàwó rí lọ́jà ni gbogbo ìdílé fi jẹun. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà dábàá pé kí a fi ìdajì kún owó ọ̀wọ́n ọjà náà. Owó tí wọn kò fẹ́ san nígbà tí a fi pẹ̀lẹ́ béèrè rẹ̀, wọ́n wá san án lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin ti dúró, tí lẹ́tà ti kún ilé ìfìwéránṣẹ́, tí ọkàn sì ti bàjẹ́ ní ìhà méjèèjì.

Ọkùnrin tí ìtàn rẹ̀ wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni Robert Owen, ọmọ ilẹ̀ Wales. Ní 1800 ó gba àkóso ilé-iṣẹ́ òwú kan ní New Lanark, ní Scotland, níbi tí agbára odò Clyde ti ń yí ẹ̀rọ. Nǹkan bí 2,000 ènìyàn ni ó ń gbé abúlé náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé tí a kó wá láti ilé àwọn aláìní. Olè pọ̀ níbẹ̀, ọtí sì pọ̀. Owen fẹ́ tún nǹkan ṣe, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ kò gbà á gbọ́. Àjèjì ni lójú wọn, ohùn rẹ̀ kò sì jọ tiwọn. Wọ́n ní ó wá fún àwọn gbẹ bí ẹní ń fún òrombó ni. Gbogbo ohun tí ó bá gbé kalẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tì í.

Ó di nǹkan bí 1807, Amẹ́ríkà fi òfin dá ọjà tí ń lọ sí òkèèrè dúró. Òwú kò wọlé mọ́, èyí tí ó wà nílẹ̀ sì wọ́n bí ojú. Àwọn onílé-iṣẹ́ mìíràn ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ máa lọ. Owen náà dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́rin gbáko, kò lé ẹnì kan, kò sì dín owó ẹnì kan. Ó ní kí wọ́n sáà máa nu ẹ̀rọ kí ó má baà dógùn-ún. Owó tí ó fi san owó iṣẹ́ tí a kò ṣe yìí lé ní 7,000 pọ́n-ùn, owó tí ó tó ẹrù ràkúnmí láyé ìgbà náà. Nígbà tí Owen di arúgbó tí ó ń kọ ìtàn ayé rẹ̀, ó ní ohun tí òun ṣe yìí ni ó mú kí àwọn ará abúlé náà fọkàn tán òun. Ẹ wò ó: kì í ṣe ìwé òfin tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìgbà tí ó yẹ kí ó dà wọ́n, kò dà wọ́n.

Ó tún ṣe ohun kan tí ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò fẹ́ gbọ́. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ó ń fi pàṣán bá ọmọdé sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́. Owen kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbẹ́ igi kékeré onígun mẹ́rin, ó kun ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, ó sì so ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí dúdú bá kọjú síta, iṣẹ́ ẹni náà kò dára lánàá. Búlúù, ó ṣe bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Yẹ́lò, ó dára. Funfun, ó dára gidigidi. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́. Owen yóò rìn kọjá, yóò wo igi, yóò wo olówó iṣẹ́, yóò sì máa lọ láìsọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá rò pé alábòójútó rẹ́ òun jẹ lè wá sọ fún Owen fúnra rẹ̀ kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, dúdú ni ó pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ dúdú ń dín, funfun ń pọ̀. Síbẹ̀, èmi kò fẹ́ kí oníṣòwò kankan ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta jí lọ́la kí ó máa gbẹ́ igi. Ojú títì ní gbangba le púpọ̀ láàárín wa, ẹlòmíràn kò sì ní padà wá láti ọjọ́ tí ó bá ti rí dúdú. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ mọ ibi tí òun dúró lójoojúmọ́. Kò dúró di ìparí ọdún kí wọ́n tó wá ká ẹ̀ṣẹ̀ oṣù méjìlá sí i létí.

Ìtàn mìíràn tí àwọn ọ̀mọ̀wé fẹ́ràn ni ti Hawthorne, lẹ́bàá Chicago, níbi tí ilé-iṣẹ́ Western Electric ti ń ṣe ohun èlò tẹlifóònù. Láti 1924 ni wọ́n ti ń wádìí ohun tí ń mú ọwọ́ òṣìṣẹ́ yá níbẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ fi iná mànàmáná dán an wò. Ní 1927 wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin díẹ̀ sínú yàrá kan, wọ́n fún wọn ní àkókò ìsinmi, wọ́n dín wákàtí wọn kù, wọ́n ń bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò, iṣẹ́ wọn sì pọ̀ sí i. Àwọn kan ní àkíyèsí tí a fi fún wọn ni ó fà á. Àwọn kan ní rárá, owó wọn tí a yí padà ni. Wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ní 1928 wọ́n yọ méjì nínú àwọn ọmọbìnrin náà kúrò nítorí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ jù, wọ́n sì fi àwọn mìíràn rọ́pò wọn. Nítorí náà n kò gbé ti yàrá yẹn ka orí yín. Èyí tí ó wù mí níbẹ̀ ni pé láàárín 1928 sí 1930, wọ́n jókòó ti òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 20,000, wọ́n gbọ́ tẹnu wọn. Ìbéèrè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi wọ́n. Nígbà tí wọ́n rí i pé ohun tí ó wà lọ́kàn òṣìṣẹ́ kọ́ ni àwọn ń béèrè, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n ní kí ó sọ èyí tí ó bá fẹ́.

Mélòó nínú wa ni ó lè pa ìwé dé bẹ́ẹ̀? Ìyá kan wà tí ó ní ilé búrẹ́dì, n kò níí dárúkọ ìlú rẹ̀. Búrẹ́dì ń sọnù lóru lóru. Ó pariwo, kò gbọ́. Ó fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Níkẹyìn ó pe bàbá tí ó dàgbà jù nínú àwọn tí ń po ìyẹ̀fun, ó fún un ní àga, ó ní: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bò fún mi. Kí ni mo ṣe fún yín?"

Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Ìyá, ẹ má bínú sí mi o. Láti alẹ́ ni a ti wà nídìí iná. Bí ilẹ̀ bá mọ́, búrẹ́dì gbígbóná á lọ sọ́jà, àwa náà á sì lọ sílé. Àwọn ọmọ á na ọwọ́ sí wa. A ò rí nǹkan kan fi lé wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ òórùn búrẹ́dì wà lára aṣọ wa."

Ìyá yìí kò fèsì. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣiṣẹ́ òru mú búrẹ́dì kan lọ sílé, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ní gbangba. Àwa a máa sọ pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ, àwọn olè ibi iṣẹ́ sì ti fi òwe yìí bo ara wọn pẹ́. Ó gba òwe náà lọ́wọ́ wọn ni. Búrẹ́dì tí ń sọnù kò tán pátápátá, ènìyàn ni ènìyàn ń jẹ́, ṣùgbọ́n ó dín kù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lé ẹ̀ṣọ́ náà lọ. Nígbà tí ọwọ́ tún tẹ ọmọkùnrin kan tí ó kó mẹ́fà sínú àpò ìyẹ̀fun, tí ìyá ní kí ó máa lọ, kò sí òṣìṣẹ́ kan tí ó wá bá a bẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá tí àánú wọn pọ̀ jù gbọ́ èyí pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń wo ọ̀lẹ kan níran, tí ẹ sì ń san owó kan náà fún òun àti ẹni tí ń gbé ẹrù tirẹ̀ mọ́ tara rẹ̀, kì í ṣe ọ̀lẹ náà ni ẹ ń ṣàánú fún. Ẹni tí ń gbé ẹrù méjì ni ẹ ń fìyà jẹ.

Ti ìyìn kò nílò àlàyé púpọ̀, nítorí àwọn baba wa ti sọ ọ́ tán: yin ni yin ni, kí ẹni lè ṣe òmíràn. Kìkì pé ìyìn tí kò ní ojú, "ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín", kì í wọ inú ara. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: "Apá ẹ̀wù tí o rán lánàá, n kò rí ojú abẹ́rẹ́ níbẹ̀." Ọmọ-iṣẹ́ yẹn kò ní sùn lóru. Ìbáwí ńkọ́? Ní kọ̀rọ̀. Ọ̀gá tí ń bú bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin níwájú oníbàárà, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí bàbá náà bá fi iṣẹ́ bú òun padà. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí a rán ni wọ́n ń bá wí. Wọn kò sọ pé kí olówó máa rán ni níṣẹ́ ẹrú.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àgbà lọ. Bí olùkọ́ bá ní kí gbogbo kíláàsì lọ gé koríko pápá, ẹ ó dúró, ẹ ó máa wo ara yín. Bí ó bá wọn ìpín fún oníkálukú, tí ó ní ẹni tí ó bá parí kí ó máa lọ gbá bọ́ọ̀lù, koríko yóò pòórá kí òórùn tó mú. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ìdí ibẹ̀ dáadáa: ẹ ti fi kùkùté sílẹ̀, nítorí ìwọ̀n ni a béèrè, ìwọ̀n ni ẹ sì fún un. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí pápá náà dán yóò sọ fún yín pé ẹ̀yin ni ẹ ó fi í gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́ kejì ní ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ ó hú kùkùté náà fúnra yín.

Ọ̀ràn tí ó kù ni ti ọ̀nà iwájú. Ẹ ti rí ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ tí ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tí ń pọnmi, tí ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí kò sí owó nídìí rẹ̀, síbẹ̀ tí ojú rẹ̀ ń dán. Ó mọ ọjọ́ tí òun yóò gba ìwé òmìnira, tí ẹbí yóò wọ aṣọ, tí ọ̀gá yóò gbàdúrà lé òun lórí. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọ̀fíìsì kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú. Ìyá oníbúrẹ́dì yẹn mọ èyí. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn tí ń ki igi bọ ààrò, ó kọ́ ọ bí a ti í po ìyẹ̀fun, ó sì kọ́ ọ bí a ti í kọ ìwé owó. Àwọn ènìyàn ní ó ń sọ ọ́ di orogún ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ọmọ náà lọ dá ààrò tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú kejì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ méjì mìíràn ní ipò ara rẹ̀, àwọn méjèèjì ṣì wà nídìí iná ìyá náà títí di òní.